Láti 7D Mark II sí ibo? Bọ́dì kámẹ́rà fún àwòrán ẹyẹ

ỌmọẸ̀gà (Ìbàdàn)

Ẹ kú déédéé ìwòyí o. Ìmọ̀ràn ni mò ń tọrọ lọ́wọ́ ẹ̀yin tí ẹ ti ń ya ẹyẹ tipẹ́.

Canon 7D Mark II ni mo ń lò, èyí tó jáde ní 2014, pẹ̀lú lẹ́ńsì EF 400mm f/5.6L. Lẹ́ńsì yẹn kò ní stabiliser (ohun tó ń dín gbígbọ̀n ọwọ́ kù), ṣùgbọ́n ó fúyẹ́, àwòrán rẹ̀ sì mọ́ rekete. N kò ní tà á. Bọ́dì ni mo fẹ́ pààrọ̀.

Etí omi Ẹlẹ́yẹlé ni mo máa ń lọ jù, lẹ́yìn náà igbó IITA (ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà nílùú Ìbàdàn níbí), àti apá Òkè-Ògùn nígbà tí àyè bá gbà mí. Ní Ẹlẹ́yẹlé, ìmọ́lẹ̀ pọ̀ ṣùgbọ́n ẹyẹ jìnnà. Àwọn ẹlẹ́sẹ̀ gígùn tó ń rìn lórí ewé òṣíbàtà yẹn kì í sún mọ́ etí omi rárá. Nínú igbó, òkùnkùn ni. Láàárọ̀ tí ẹyẹ ń ké gan-an, ISO 3200 (ìwọ̀n bí kámẹ́rà ṣe ń fa ìmọ́lẹ̀ sí) ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀. Tí mo bá dé 6400, àwòrán 7D Mark II á rí bí ẹni bu iyanrìn sí i.

Ẹyẹ méjì ló ń fìyà jẹ mí jù. Àkọ́kọ́ ni àlùkò. Tó bá jókòó sórí ẹ̀ka, ara ṣíṣókùnkùn yẹn nìkan lèèyàn máa rí. Pupa tó wà nínú ìyẹ́ apá rẹ̀ kì í hàn àfi tó bá na apá láti fò, kí n sì tó tẹ bọ́tìnnì, ó ti dé igi kejì. Èkejì ni Ibadan Malimbe, ìbátan ẹ̀gà, olórí pupa, tó jẹ́ pé ní gbogbo ayé, gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà nìkan ló wà. Òkè igi ló máa ń ṣeré sí. Ó ní ẹnìkejì kan tó jọ ọ́, Red-headed Malimbe, tóun náà ń gbé òkè igi. Àyà la fi ń mọ akọ wọn: pupa ti Ìbàdàn sọ̀ kalẹ̀ dé àyà, àyà ti èkejì dúdú. Tí mo bá gé fọ́tò mi ku ẹyẹ nìkan, àyà tí mo máa rí kì í ṣe èyí tí mo lè fi búra.

Nínú àwọn mirrorless Canon (kámẹ́rà tí kò ní dígí nínú), R7 tuntun, R6 Mark II tàbí R5 tòkunbọ̀ ni mò ń rò. Owó ọwọ́ mi ká R7. Tí mo bá tún ṣu díẹ̀ jọ, ó lè ká R5 tòkunbọ̀ láti ìlú òyìnbó. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé kí n lọ ra lẹ́ńsì ńlá olówó gọbọi 600mm f/4. Mo níyàwó nílé.

BàbáLẹ́ńsì (Ìkẹjà)

Àbúrò, R5 ni kí o rà, má wẹ̀yìn.

2020 ló jáde, ṣùgbọ́n kámẹ́rà gidi ni títí dòní. Megapixel 45, àwòrán 12 láàárín sẹ́kọ́ńdì kan pẹ̀lú shutter onírin (ìlẹ̀kùn kékeré tó ń ṣí, tó ń tì níwájú sẹ́ńsọ̀), 20 tí o bá lo ti electronic. Ó mọ ojú ẹyẹ dá yàtọ̀. Ìwọ ṣáà gbé ẹyẹ sínú férémù, á wá ojú náà lọ fúnra rẹ̀. 7D Mark II rẹ kò lè ṣe ìyẹn tó bá fi ọgọ́rùn-ún ọdún gbìyànjú.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù: full-frame ni, ìyẹn ni pé sẹ́ńsọ̀ rẹ̀, ibi tí àwòrán ń bà sí nínú kámẹ́rà, tóbi, igbó lo sì ń wọ̀. Sẹ́ńsọ̀ ńlá ń gba ìmọ́lẹ̀ ju kékeré lọ, kò sí àríyànjiyàn nínú ìyẹn. Lọ́jọ́ tó jáde, $3,899 ni wọ́n ń ta bọ́dì rẹ̀, tí R7 sì jẹ́ $1,499 nígbà tóun náà dé ní 2022. Tòkunbọ̀ R5 ti wálẹ̀ gan-an báyìí.

Àdìsá_Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ̀gbọ́n, ẹ forí jì mí, àríyànjiyàn ńlá ló wà nínú ìyẹn o.

Sẹ́ńsọ̀ ńlá ń gba ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ tí ẹyẹ bá kún inú rẹ̀. Ti ỌmọẸ̀gà kì í kún inú rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́. Ẹ jẹ́ ká gbé e báyìí. Ẹ fi 400mm yẹn sórí R5, ẹ dúró lójú kan, ẹ ya ẹyẹ kan. Ẹ tú u, ẹ dè é mọ́ R7, ẹ má kúrò níbi tí ẹ wà, ẹ tún un yà. Bí àwòrán ẹyẹ tí lẹ́ńsì gbé sórí sẹ́ńsọ̀ ṣe tóbi tó, kò yàtọ̀ lórí méjèèjì. Ìmọ́lẹ̀ tó bá a dé ibẹ̀ kò yàtọ̀, torí lẹ́ńsì kan náà ni, f/5.6 kan náà. Ohun tí R5 fi lé ti R7 ni ewé àti ojú ọ̀run tó yí ẹyẹ ká, èyí tí ẹ sì máa gé dànù tí ẹ bá délé.

Ẹ wá ṣírò rẹ̀. Full-frame fi ìlọ́po 2.56 fẹ̀ ju sẹ́ńsọ̀ kékeré ti Canon lọ, irú èyí tó wà nínú R7 àti 7D Mark II. Tí ẹ bá gé àwòrán R5 dé ìwọ̀n ti kékeré, megapixel bíi 17 ló kù. Ti R6 Mark II á ku bíi 9.5. Èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti 2014, 20.2 ni. Ṣé ẹ rí i pé ẹni tó bá torí ẹyẹ ọ̀nà jíjìn gbé R6 Mark II pẹ̀lú lẹ́ńsì yìí, ẹ̀yìn ló rìn sí? R7 ní 32.5 síbi kan náà. Àyà Malimbe tó ń wá kiri, ibẹ̀ ló wà.

BàbáLẹ́ńsì (Ìkẹjà)

Ìṣirò rẹ dáa, Àdìsá, n kò jiyàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdajì ọ̀rọ̀ lo sọ.

Wọ́n kọ ọ́ sára páálí R7 pé ó ń ya àwòrán 30 láàárín sẹ́kọ́ńdì kan. Electronic shutter nìyẹn. Sẹ́ńsọ̀ náà kì í ka àwòrán lẹ́ẹ̀kan náà, láti òkè wá sí ìsàlẹ̀ ló ń kà á, ìlà lẹ́yìn ìlà, ti R7 sì ń gbà tó bíi ìdá ọgbọ̀n sẹ́kọ́ńdì kó tó ka gbogbo rẹ̀ tán. Kó tó dé ìsàlẹ̀, apá ẹyẹ ti kúrò níbi tó wà. Apá á tẹ̀ kọdọrọ, igi tó dúró ṣánṣán lẹ́yìn rẹ̀ á dà bí èyí tó fẹ́ wó tí o bá ń yí kámẹ́rà tẹ̀ lé ẹyẹ. Ti R5 fẹ́rẹ̀ẹ́ yára tó ìlọ́po méjì rẹ̀. Ti Nikon Z8 yára débi pé wọn kò tiẹ̀ fi shutter onírin sínú rẹ̀ mọ́.

Àlùkò tó ń na apá ló ń wá. Ṣé apá kọdọrọ lo fẹ́ kó gbé kọ́ sára ògiri?

Àdìsá_Lọ́ńdọ̀nù

Òótọ́ ni, mo gbà. Ṣùgbọ́n shutter onírin R7 ń ya 15 láàárín sẹ́kọ́ńdì kan, ó ju 12 ti R5 lọ, apá kì í sì í tẹ̀ níbẹ̀. Ohun tí mò ń sọ fún àwọn èèyàn ni pé: ẹyẹ tó jókòó, ẹ lo electronic, kò pariwo, kò ní dẹ́rù bà á. Ẹyẹ tó ń fò, ẹ lo onírin. Àwọn odídẹrẹ́ aláwọ̀ ewé tó gba Lọ́ńdọ̀nù kan yìí ni mo fi ń dánra wò, torí wọ́n yára, wọn kì í sì í fò ní ìlà tààrà.

ÌyáOlongo (Jos)

Ẹ kú ọ̀rọ̀ sísọ o. Nikon D500 ni èmi ń lò, pẹ̀lú 200-500mm f/5.6, nítorí náà n kò ní ẹni tí mò ń polówó fún nínú Canon méjèèjì. Orí àpáta ni mo máa ń lọ jókòó sí, mo ń ya Rock Firefinch, ẹyẹ kékeré pupa tó jẹ́ pé 1998 ni àwọn onímọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fún un ní orúkọ tirẹ̀. Mo ti lo R7 ọ̀rẹ́ mi kan dáadáa lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti èmi.

ỌmọẸ̀gà, ọ̀rọ̀ wíwá ojú ẹyẹ yẹn dùn létí, ṣùgbọ́n inú ewé ló máa ń dójú tini. Ẹ̀ka kan bá wà níwájú ẹyẹ báyìí, kámẹ́rà á gbá ẹ̀ka náà mú, kò sì ní jẹ́ kó lọ. Ohun tí mo ṣe ni pé mo fi bọ́tìnnì ẹ̀yìn méjì síṣẹ́: ọ̀kan fún wíwá ojú káàkiri férémù, èkejì fún àmì fókọ́ọ̀sì kékeré kan ṣoṣo láàárín. Àmì kékeré yẹn ni màá kọ́kọ́ fi gbá ara ẹyẹ mú láàárín ewé. Tí kámẹ́rà bá ti dé ọ̀gangan ibẹ̀, màá wá tẹ ti ojú ẹyẹ. Bí mo ṣe ṣètò rẹ̀ báyìí, ó ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá fi sílẹ̀ bó ṣe ti inú páálí jáde á bú u ní ìgbà àkọ́kọ́ tó bá wọ IITA.

Èkejì, ooru. Ní ọ̀gbẹlẹ̀, tí oòrùn bá ti ga díẹ̀, afẹ́fẹ́ orí omi àti orí ilẹ̀ á máa jó lókè ibẹ̀. Ẹyẹ tó jìnnà á rọ̀, etí ìyẹ́ rẹ̀ á pòrúùrù. Kò sí kámẹ́rà tó ń wo ìyẹn sàn. Megapixel 32 kàn máa ya afẹ́fẹ́ tó ń jó náà kedere ju 20 lọ ni. Ní Ẹlẹ́yẹlé, ẹ jí lọ. Eruku ọyẹ́ náà ń bẹ níbẹ̀ o: mirrorless kò ní dígí tó bo sẹ́ńsọ̀, tí ẹ bá ń pààrọ̀ lẹ́ńsì lójú afẹ́fẹ́, ẹ dojú rẹ̀ kọlẹ̀.

Kọ́lá_Fúyẹ́

Ṣé kò sí ẹni tó máa dárúkọ kámẹ́rà OM-1 ti OM System ni? 2022 ló jáde, 20 megapixel, sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ yára gan-an, ó sì ní Pro Capture: tí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì dé ìdajì, ó ti ń ya àwòrán pamọ́, tí ẹ bá wá tẹ̀ ẹ́ wọlẹ̀ pátápátá lẹ́yìn tí àlùkò ti fò, ìgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń na apá ti wà nínú káàdì. 300mm f/4 wọn ń ríran tó 600mm, èèyàn sì lè gbé e kọ́rùn láti àárọ̀ dalẹ́.

ỌmọẸ̀gà (Ìbàdàn)

Ẹ ṣé gan-an, Kọ́lá. Mo ti fojú sí i lára rí, ṣùgbọ́n n kò ní lẹ́ńsì kankan tó bá a mu. Ọ̀tun ni màá ti bẹ̀rẹ̀, lẹ́ńsì àti gbogbo rẹ̀. Màmá ÌyáOlongo, ẹ kú làálàá, ọ̀rọ̀ bọ́tìnnì méjì yẹn nìkan ti tó mi í jẹ.

Ìbéèrè mi: 400mm mi yìí, ṣé adapter (òrùka tó ń so lẹ́ńsì àtijọ́ mọ́ bọ́dì tuntun) kò ní ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́? Àti bátìrì, ẹ mọ bí iná ṣe ń ṣe wá níbí.

Àdìsá_Lọ́ńdọ̀nù

EF-EOS R adapter kò ní dígí kankan nínú. Àyè tí ara kámẹ́rà ti àtijọ́ máa ń gbà ló kàn ń dí. Kì í gba ìmọ́lẹ̀, kì í gba didán àwòrán, autofocus sì ń lọ geere. Ohun tó tiẹ̀ dùn jù ni pé R7 ní stabiliser nínú bọ́dì, lẹ́ńsì yín tí kò ní rárá á wá ní. Ó kàn jẹ́ pé ní 400mm, èyí tó wà nínú bọ́dì kò lágbára tó èyí tó wà nínú lẹ́ńsì, kò sì lè dá apá ẹyẹ dúró. Ẹ ṣì máa lo shutter 1/2000 sẹ́kọ́ńdì fún ẹyẹ tó ń fò.

Bátìrì LP-E6N tí ẹ ń lò ní 7D Mark II á wọ R7. Ti inú páálí, LP-E6NH, ló máa ń pẹ́ jù. Ojú kámẹ́rà tuntun, tẹlifíṣàn kékeré ni, ó ń jẹ iná ju dígí ti àtijọ́ lọ, ẹ má retí pé bátìrì kan á gbé yín dalẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ lè fi power bank gbà á láti ojú USB-C, tó bá ti jẹ́ power bank tó ní PD (Power Delivery). Èyí tí kò ní PD kò ní ṣe nǹkan kan.

Kí n tó gbàgbé: ohun tí Kọ́lá sọ nípa Pro Capture, R7 ní irú rẹ̀. RAW burst mode ni wọ́n ń pè é. Ó ń ka ìdajì sẹ́kọ́ńdì tó ṣáájú ìgbà tí ẹ tẹ bọ́tìnnì pamọ́. Electronic ni, apá lè tẹ̀ díẹ̀, fáìlì kan gbàǹgbà ló sì máa ń fún yín, tí ẹ ní láti yọ àwòrán jáde nínú rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, nínú kámẹ́rà tàbí pẹ̀lú sọ́fúwíà Canon. Iṣẹ́ ni.

Tìṣà_Abẹ́òkúta

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí inú kò ní dùn sí. Kò tíì sí ẹni tó bi í bóyá ó yẹ kó náwó rárá.

7D Mark II ń ya 10 láàárín sẹ́kọ́ńdì kan. Kì í ṣe kámẹ́rà ọlẹ. Iyanrìn ISO 6400 yẹn, sọ́fúwíà tó ń fọ̀ ọ́ ti wà láti ọdún mélòó kan: DxO PureRAW, Denoise inú Lightroom tó dé ní 2023. Ẹ da fáìlì RAW (èyí tí kámẹ́rà kò tíì ṣe nǹkan sí) àtijọ́ yín sínú ọ̀kan nínú wọn kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ kan. Ẹnu á yà yín.

Àlùkò ńkọ́? Àlùkò kì í dédé fò. Á kọ́kọ́ sáré lórí ẹ̀ka títí á fi dé ṣóńṣó rẹ̀, á dúró wò, á wá jù sílẹ̀, á na apá, á rọra lọ sí igi kejì. Kì í jìnnà. Ẹni tó bá ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀ dípò orí rẹ̀ ti mọ ìgbà tó máa fò. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ bọ́tìnnì nígbà tó ń sáré, ẹ má dúró di ìgbà tó bá fò.

ÌyáOlongo (Jos)

Tìṣà, òótọ́ ni ẹ sọ nípa ẹsẹ̀ àlùkò, ọ̀nà yẹn dáa. Ṣùgbọ́n ẹ ò lè fi sọ́fúwíà dá àyà Malimbe tí lẹ́ńsì kò rí padà. Sọ́fúwíà kan á tiẹ̀ fi ìyẹ́ tirẹ̀ kún un, èyí tí ẹyẹ kò ní. Tó bá jẹ́ fọ́tò tí a fẹ́ fi sọ pé "ẹyẹ yìí ni mo rí, níbí, lọ́jọ́ báyìí", ewu ni. Ẹ sì ronú kan kọ̀ǹpútà tó máa ṣe iṣẹ́ yẹn: lórí ti èmi, mo lè se ẹ̀wà jinná kó tó fọ àwòrán tán.

Ohun mìíràn tí ẹ kò tíì mẹ́nu bà: lékèélékèé. Funfun rẹ̀ máa ń jó lójú oòrùn tí èèyàn ò bá ṣọ́ra, orí pupa Malimbe náà sì lè jó kí dúdú ara rẹ̀ tó hàn. Nínú mirrorless, mo ń rí i kí n tó tẹ bọ́tìnnì pé funfun ti ń jó. Pẹ̀lú D500 mi, ẹ̀yìn tí mo bá yà á tán ni mò ń mọ̀. Èyí nìkan ló ń ṣe mí bíi kí n ra Z8, owó ló mú mi dúró.

BàbáLẹ́ńsì (Ìkẹjà)

Ó dáa. Màá yí ohùn mi padà díẹ̀, àbúrò. Tí kò bá sí owó lẹ́ńsì tó gùn ju 400 lọ́jọ́ iwájú, gbé R7. Tí o bá ní in lọ́kàn pé ní ọdún méjì sí i o máa ra lẹ́ńsì 100-500mm tàbí 200-800mm, R5 ni, torí ìgbà yẹn ni ẹyẹ máa tó kún sẹ́ńsọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń sọ 200-800 o, f/9 ni tó bá dé 800, ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ ló sì ń gbà wọlé. Nínú igbó Ìbàdàn láàárọ̀, f/9, hm.

Tí o bá ń ra tòkunbọ̀: fáìlì Nikon máa ń sọ iye ìgbà tí shutter ti ṣiṣẹ́, ti Canon kì í sábà sọ ọ́, nítorí náà ní kí ẹni tó ń tà á fi hàn ọ́ lọ́nà mìíràn. Canon sọ pé shutter R7 lè ṣe 200,000, ti R5 500,000. Dojú rẹ̀ kọ ògiri funfun ní f/16, kí o wo bóyá àbàwọ́n wà lórí sẹ́ńsọ̀. Gbìyànjú ojú káàdì méjèèjì. Ẹlòmíràn máa ń gbìyànjú ọ̀kan. Pa á, tàn án, gbọ́ bóyá stabiliser ń ké. Máa mú lẹ́ńsì tìrẹ dání, má lo ti olùtajà.

ỌmọẸ̀gà (Ìbàdàn)

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Tìṣà, mo ti da àwòrán Malimbe àtijọ́ kan sínú Denoise lánàá. Iyanrìn lọ lóòótọ́. Àyà rẹ̀ ṣì rí bí ìgbà tí èèyàn bá fi ìka nu ọ̀dà: pupa tàbí òjìji, n kò lè sọ.

Lẹ́ńsì gígùn kò sí nínú ètò ọdún méjì sí i, ilé ìwé ọmọ ló wà níbẹ̀. R7 ni màá gbé, tòkunbọ̀. Àbúrò ìyàwó mi ń bọ̀ láti Manchester ní oṣù tó ń bọ̀, òun ló máa bá mi gbé e. Àdìsá, ṣé ohun kan wà tó yẹ kó mọ̀?

Àdìsá_Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ sọ fún un kó rà á lọ́dọ̀ ẹni tó máa fún un ní ẹ̀rí ìsanwó àti àyè láti dá a padà, kó sì ṣe gbogbo àyẹ̀wò tí BàbáLẹ́ńsì sọ kí àyè yẹn tó parí, kó má dúró di ọjọ́ tó ń wọ bàlúù. EF-EOS R adapter ńkọ́, kó rà á mọ́ ọn níbí. Káàdì SD tó yára, UHS-II, méjì, torí tó bá jẹ́ èyí tó lọ́ra, kámẹ́rà á kún, á dúró lójú àlùkò yín.

Bátìrì tí kò sí nínú kámẹ́rà, àpò ọwọ́ ni kó kó wọn sí, kó má kó wọn sínú ẹrù tí wọ́n ń gbà lọ sábẹ́ bàlúù rárá, wọn kì í gbà á. Kó fi téèpù bo ojú irin wọn. Kámẹ́rà fúnra rẹ̀ náà, àpò ọwọ́.

ÌyáOlongo (Jos)

Tó bá dé, àwòdì ni kí o kọ́kọ́ fi dánra wò. Ó tóbi, ó ń yí ká, ojú ọ̀run tó mọ́ ló wà lẹ́yìn rẹ̀, kì í sì í yára sá. Fi alápàáǹdẹ̀dẹ̀ sílẹ̀ ná.